Ọmọ mi ti mọ ibi tí ìbọn wà

Àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó mọ̀ pé ìbọn ni mo ń wò. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara, ó kọ ẹnu ìbọn ìléwọ́ bàbá rẹ̀ sí ikùn ara rẹ̀, ó wá ń fi àtàǹpàkò ọ̀tún àti tòsì ti ibi tí wọ́n ń fà, bí ìgbà tí ọmọdé bá fẹ́ ṣí ìdérí ìgò tó le. Ó tiẹ̀ yọ ahọ́n síta díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń kọ lẹ́tà tó ṣòro.

Mi ò pariwo. Ọlọ́run ló di ẹnu mi mú. Mo ní, "Ìyá mi, rọra gbé e sílẹ̀ fún Mọ́mì." Ohùn mi rọlẹ̀ débi pé èmi fúnra mi ò dá a mọ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ní nà mí?" Mo ní mi ò ní nà án, kó ṣáà gbé e sílẹ̀. Ó rọra gbé e lé ilẹ̀ bí ẹni gbé ife gíláàsì. Mo gbé e mọ́ra jáde nínú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tí mo dé pálọ̀ ni ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.

Ọkọ mi wà níta, ó ń fọ mọ́tò. Nígbà tó wọlé tó sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Fọkàn balẹ̀. Mágásìnì ò sí nínú rẹ̀, mo ti yọ ọ́ sọ́tọ̀. Kò lè dún." Òótọ́ ni, mágásìnì wà nínú dúrọ́ọ̀ mìíràn. A jọ padà wọ yàrá. Ó mú ìbọn náà, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó fa òkè rẹ̀ sẹ́yìn kó lè fi hàn mí pé òfìfo ni.

Ọta kan fò jáde. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dún kín-ín, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ó di ọdún mẹ́rin báyìí. Ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo bi í bóyá mo lè kọ ọ́. Ó ní mo lè kọ ọ́, tí mi ò bá ti ní dárúkọ òun. Mo wá ń kọ ọ́ nítorí àwọn òbí tí ìbọn wà nílé wọn, tí wọ́n sì gbà pé kò séwu níbẹ̀, bí àwa náà ṣe gbà.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọta kan yẹn, nítorí èmi náà ò mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ náà. Mágásìnì ni ilé tí àwọn ọta ń gbé. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ti fa òkè ìbọn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú mágásìnì nínú rẹ̀, ọta kan á kúrò nínú ilé yẹn, á lọ jókòó sí ìdí ihò tí yóò gbà jáde, á máa dúró. Tí ẹ bá wá yọ mágásìnì, àwọn ìyókù lẹ yọ. Èyí tó ti jókòó ò kúrò níbi tó wà. Àwọn ìbọn kan wà tí kì í dún tí mágásìnì ò bá sí nínú wọn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló wà tí yóò dún, tiwa sì wà lára wọn. Nígbà mìíràn tí a bá gbọ́ "mo ti rò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀" lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kú, ọta kan ṣoṣo yìí ló wà nídìí rẹ̀.

Ohun tó gba ọmọ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé agbára ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tó. Kò sí ohun mìíràn. Ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1995 wo bí ọwọ́ ọmọdé ṣe lágbára tó àti bí ìbọn ìléwọ́ ṣe le tó láti fà. Wọ́n rí i pé ọmọ ọdún 3 sí 4, ìdá 25 nínú 100 wọn ló lè fa ọ̀pọ̀ ìbọn tó wà lọ́jà. Tí wọ́n bá di ọmọ ọdún 5 sí 6, ó ti di 70 nínú 100. Ọmọ mi ì bá wà lára 70 yẹn, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ó bọ́ sára 30 tó kù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nítorí ìka ìtọ́ka ọmọdé kúrú, tí kò sì lágbára, ó máa ń yí ìbọn padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kó lè fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í. Ẹ wá wò ó bí ẹnu ìbọn ṣe máa kọjú nígbà náà.

Ọkọ mi kì í ṣe aláìbìkítà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn dáadáa, torí pé tí ìtàn báyìí bá jáde, ohun tí à ń sọ ni pé irú òbí wo tiẹ̀ nìyẹn. Adigunjalè wọ ilé kan ládùúgbò wa, wọ́n lu bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀, ọkọ mi ò sì sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó gba ìwé àṣẹ. Ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nígbà tó gbé e wálé, ó fi tọ́wẹ̀lì àtijọ́ wé e, ó gbé e sí òkè kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn àpótí tí a ń kó ìwé sí, ó ní, "Kò sí ọmọ tó lè dé ibí yìí." Èmi tí mo jẹ́ àgbàlagbà, mo ní láti gun àga kí n tó dé ibẹ̀. Mo gbà fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ara ọmọ ti balẹ̀, mo jókòó tì í.

"Báwo lo ṣe dé òkè yẹn?"

Ó ní òun fa àwọn dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ síta, òun fi wọ́n ṣe àtẹ̀gùn.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó wà níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ọjọ́ tí Dádì ń wá pásípọ́ọ̀tù, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tún dá a padà."

"O ti gbé e rí ṣáájú òní?"

Ó nawọ́ ìka mẹ́ta sókè. Kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo wà nínú ilé yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bóyá mo ń ká aṣọ, bóyá mo ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo gbìyànjú títí di ìdájí láti rántí àwọn ọjọ́ tó lè jẹ́, kò sí ọjọ́ tó yàtọ̀ sí òmíràn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé kì í ṣe ilé wa nìkan. Ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kan bá àwọn òbí tó ní ìbọn sọ̀rọ̀, wọ́n tún mú àwọn ọmọ wọn sọ́tọ̀, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n gbé e jáde ní 2006. Nínú àwọn òbí tó fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ àwọn kò mọ ibi tí ìbọn wà, ìdá 39 nínú 100 ni ọmọ wọn sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn tó ní ọmọ àwọn kò fọwọ́ kan ìbọn rí, ìdá 22 nínú 100 ni ọmọ wọn ní òun ti gbé e rí. Òbí ò purọ́ o. Ohun tó dá wọn lójú ni wọ́n sọ. Ọmọ ni kò sọ fún wọn, wọn ò sì bi í.

Ohun tí èmi àti ọkọ mi kọ́kọ́ jà sí ni ọ̀rọ̀ kíkọ́. Ó ní, "A máa tún kọ́ ọ sí i." Mo ní, "A ti kọ́ ọ." Òtítọ́ ni. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n bí orin: tí o bá rí ìbọn, dúró, má fọwọ́ kàn án, kúrò níbẹ̀, lọ pe àgbàlagbà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, láàárín ẹkún, ó kà á fún mi láìsí àṣìṣe kan. Ẹkọ́ náà wà lórí. Ìbọn náà sì wà lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Atlanta máa padà sí mi lọ́kàn. Wọ́n gbé e jáde ní 2001. Àwọn oníṣègùn kó ọmọkùnrin 64 jọ, láti ọmọ ọdún 8 sí 12, wọ́n ń kó wọn wọ yàrá kan ní méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣeré fún ìṣẹ́jú 15. Wọ́n ti fi ìbọn olómi méjì sínú dúrọ́ọ̀ kan, wọ́n sì fi ìbọn gidi tí wọ́n ti yọ ọta rẹ̀ sínú òmíràn. Wọ́n wà lẹ́yìn dígí, wọ́n ń wò. Ọ̀wọ́ 29 ló wọlé. Ọ̀wọ́ 21 rí ìbọn gidi náà. Nínú 21 yìí, ọ̀wọ́ 16 gbé e, nínú ọ̀wọ́ 10, ó kéré tán ọmọ kan fà á. Bí ìdajì àwọn ọmọ tó rí i ló rò pé ti ìṣeré ni, tàbí kò dá wọn lójú bóyá gidi ni. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé nínú àwọn tó gbé e tàbí tó fà á, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 tó sọ pé wọ́n ti kọ́ àwọn nípa ewu ìbọn tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ẹ̀bi ọmọ kọ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe dá ọmọdé ni. Tí ó bá rí ohun tó ń dán, tó wúwo, tí bàbá rẹ̀ ń fi tọ́wẹ̀lì wé bí ohun iyebíye, á fẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Mi ò sọ pé kí ẹ má kọ́ ọmọ. Mo ṣì ń kọ́ tèmi. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí a bá fi ìbọn sí ibi tí ọwọ́ ọmọ lè dé, tí a wá ní "mo ti kọ́ ọ kó má fọwọ́ kàn án," ẹrù tó yẹ kó wà lórí àgbàlagbà méjì la gbé lé ọmọ ọdún mẹ́fà lórí. Kò lè gbé e. Kò yẹ kó gbé e.

Ọ̀sẹ̀ yẹn la ra àpótí irin, séèfù kékeré tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ògiri. Nígbà tó di pé kí ọkọ mi yan nọ́ńbà tí yóò máa fi ṣí i, ó tẹ ọjọ́ ìbí ọmọ náà. Mo kàn ń wò ó. Ó wo èmi náà, ó pa á rẹ́, ó yan òmíràn tí mi ò ní sọ fún yín. A kó ọta sínú àpótí mìíràn, nínú yàrá mìíràn, a fi àgádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lára kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ọkọ mi tí kì í kúrò lápò rẹ̀.

Ó ní, "Tí olè bá wá ńkọ́? Kí n tó ṣí èyí, kí n tó ṣí tọ̀hún?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò fẹ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù olè náà ló gbé ìbọn wọlé wa. Ní alẹ́ kan, a pa iná ilé. Ó dùbúlẹ̀ bí ẹni tó sùn, mo ní kó dìde, mo ń ka aago. Láti orí bẹ́ẹ̀dì títí ìbọn àti ọta fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú kan. Ó tún un ṣe títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ìdajì ìṣẹ́jú yẹn ni a fi ń ra ẹ̀mí ọmọ wa lójoojúmọ́, ó sì gbà pé kò wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i kà pé ohun tí a ṣe yìí bá ohun tí àwọn olùwádìí rí mu. Ní 2005 wọ́n gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ilé tó ní ìbọn ní ìpínlẹ̀ Washington, Oregon àti Missouri. Wọ́n fi ilé tí ọmọ tàbí ọ̀dọ́ ti fi ìbọn pa ara rẹ̀ tàbí ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe láìmọ̀ọ́mọ̀ wé ilé tí irú rẹ̀ ò ti ṣẹlẹ̀. Ohun mẹ́rin ni wọ́n rí tó ya àwọn ilé náà sọ́tọ̀: kí wọ́n ti ìbọn, kí ọta má sí nínú rẹ̀, kí wọ́n ti ọta náà, kí àwọn méjèèjì má sí lójú kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló ń dín ewu kù láyè ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò bá tíì lè ṣe gbogbo rẹ̀ lónìí lè ṣe ọ̀kan lónìí.

Ṣùgbọ́n "ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni mo tì" kì í ṣe "mo tì í". Ní Winnenden, ìlú kékeré kan ní Jámánì, bàbá kan wà tó fẹ́ràn eré ìdárayá ìbọn. Ìbọn 15 ló ní. Mẹ́rìnlá wà nínú séèfù. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá ibi tó ń sùn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2009, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 17, gbé ọ̀kan yẹn lọ sí ilé ìwé tó ti jáde. Èèyàn 15 ló pa kó tó pa ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá bàbá náà lẹ́bi pé àìbìkítà rẹ̀ ló fa ikú wọn, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n fún un, àmọ́ wọ́n ní kò ní wọ ẹ̀wọ̀n náà tí kò bá tún rú òfin. Ní ọdún 2009 náà ni Jámánì yí òfin padà, tí àwọn aláṣẹ fi lè wá wo bí ẹni tó ní ìbọn ṣe ń tọ́jú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fura sí i. Mo máa ń ronú nípa bàbá yẹn. Mẹ́rìnlá ló tì. Ó ṣeé ṣe kó máa sọ fún àwọn èèyàn pé òun jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ra.

Ní Belgrade, ní Serbia, ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 2023, ọmọ ọdún 13 gbé ìbọn bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Ọmọ ilé ìwé 9 àti ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìwé ló kú. Àwọn aláṣẹ sọ pé inú séèfù oníkóòdù ni ìbọn wà, ṣùgbọ́n ó jọ pé ọmọ náà mọ kóòdù. Bàbá rẹ̀ ti mú un lọ sí ibi ìdánrawò ìbọn ṣáájú. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí wọ́n dá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 lẹ́jọ́, àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n gbé dúró níwájú adájọ́. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, mo sáré bi ọkọ mi pé, "Ṣé o máa ń bo ọwọ́ rẹ tí o bá ń tẹ nọ́ńbà yẹn?" Ó ní rárá. Láti ọjọ́ náà, a ti ń yí nọ́ńbà náà padà, kò sì tún ṣí i mọ́ tí ọmọ bá wà nínú yàrá.

Ọmọ kékeré la fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ mi ní ìyókù rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ó wá gbé pẹ̀lú wa lẹ́yìn tí ilé wọn dàrú. Fún oṣù méjì, ọmọ dáadáa ni. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní ọ̀sán, kò sùn ní òru. Kò bá wa jókòó mọ́. Ní ọjọ́ kan mo rí i pé ó ti fi bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀, èyí tó fẹ́ràn bí ojú, ta ọmọ aládùúgbò lọ́rẹ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mọ́mì kékeré, mi ò nílò rẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi lálẹ́, ó sì ṣe ohun kan tí mi ò ní gbàgbé láé. Kò jiyàn, kò ní "ṣebí a ti tì í." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìbọn náà kúrò nílé pátápátá, ó lọ fi sọ́dọ̀ ẹni tí òfin fún láṣẹ láti máa tọ́jú ìbọn fún èèyàn. Ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́fà ò lè ṣí séèfù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bá ti pinnu, mi ò mọ ohun tí kò lè ṣí." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la jókòó ti ọmọ náà, mo sì bi í ní gbangba bóyá ó ti ń rò ó pé kóun kú. Àwọn kan rò pé tí ẹ bá bi ọmọ ní irú rẹ̀, ẹ máa fi sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ló gbé orí lé mi léjìká, ó sunkún títí tí aṣọ mi fi tutù. A wá dókítà fún un. Oṣù mẹ́jọ ni ìbọn ò fi sí nílé wa. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó máa ń pè mí.

Ìdí tí a fi gbé e kúrò ni pé irú èrò yẹn máa ń gbóná lójijì, ó sì máa ń rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó bá là á já ni kì í padà kú nípa ọwọ́ ara wọn. Ìbọn ni kì í fún èèyàn láyè kí èrò náà rọlẹ̀.

Nítorí ọmọ yìí ni ẹjọ́ àwọn Crumbley, bàbá àti ìyá ọmọ kan tó yìnbọn nílé ìwé ní ìpínlẹ̀ Michigan, fi bà mí nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá 2021, bàbá ra ìbọn ìléwọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún 15 sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyá mú ọmọ náà lọ sí ibi ìdánrawò. Lẹ́yìn náà olùkọ́ rí ọmọ náà tó ń wo ọta lórí fóònù nínú kíláàsì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá. Ìyá kọ̀wé sí ọmọ pé inú ò bí òun sí i, pé ṣe ni kó kọ́ bí wọn ò ṣe ní máa mú un. Ní àárọ̀ ọjọ́ 30 oṣù náà, olùkọ́ rí àwòrán ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ lórí ìwé ìṣirò rẹ̀, ọmọ náà kọ ọ́ sí i pé èrò náà ò dáwọ́ dúró, kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Wọ́n pe àwọn òbí. Wọ́n wá, wọ́n sì padà sí ẹnu iṣẹ́ láìmú ọmọ lọ sílé. Ẹnikẹ́ni ò yẹ báàgì rẹ̀ wò, ìbọn sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé mẹ́rin ló kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìròyìn tàn ká pé wọ́n ń yìnbọn nílé ìwé náà, bàbá sáré lọ sílé lọ wo ìbọn. Kò bá a. Ó pe ọlọ́pàá. Ẹ rò ó wò: kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ rẹ̀, òun ti mọ ibi tó yẹ kóun lọ wò.

Ó ní òun fi ìbọn náà pamọ́, òun sì fi ọta pamọ́ síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi gẹ́lẹ́ nìyẹn, mágásìnì nínú dúrọ́ọ̀ mìíràn. Ní kóòtù, wọ́n fi okùn irin tí wọ́n fi ń ti ìbọn hàn, èyí tí wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ ìbọn fún ẹni tó bá rà á. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, wọn ò tú u. Ní 2024, wọ́n dá ìyá lẹ́bi ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, lẹ́yìn náà bàbá. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 15 ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní oṣù kẹrin ọdún náà. Àwọn kan ń sọ pé ó pọ̀ jù, pé báwo lẹ ṣe máa fi ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ju òbí sẹ́wọ̀n. Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ kọ́ ni wọ́n jẹ. Ọmọ ti jẹ tirẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére. Ti àwọn òbí ni okùn irin tí wọn ò tú.

Láti 1989 ni ìpínlẹ̀ Florida ti kọ́kọ́ ṣe òfin ní Amẹ́ríkà pé àgbàlagbà tó bá fi ìbọn tó ní ọta síbi tí ọmọdé lè gbé e máa jẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, láti 2020, ìbọn ni ohun tó ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́ jù lọ lórílẹ̀-èdè yẹn, ju jàǹbá mọ́tò lọ. Òfin máa ń dé lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kú. Àgádágodo ló lè dé ṣáájú.

Ohun kan wà tí ó ṣòro fún mi ju gbogbo ìyókù lọ, òun ni kí n máa bi àwọn òbí mìíràn. Ọmọ mi kì í gbé inú ilé wa nìkan. Ó ń lọ ṣeré nílé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo sì lè ti tèmi débi tí mo bá fẹ́, mi ò lè ti tiwọn. Fún ọdún kan gbáko lójú ń tì mí láti bèèrè. Mo ń rò pé wọ́n á ní mo fura sí wọn, tàbí pé mo ń ṣe bí ẹni tó mọ̀ ju wọn lọ. Nígbà tó yá, mo kọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́: mo máa ń kọ́kọ́ sọ tèmi. Mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò méjì yẹn, kí n tó bèèrè.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan pè é kó wá lo Sátidé nílé wọn. Mo pe ìyá rẹ̀. A kí ara wa, mo sọ tèmi fún un, mo wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ìbọn wà nínú ilé? Tó bá wà, ṣé títì ló wà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Dádì wọn ní ọ̀kan. Àmọ́ wọ́n fi pamọ́ dáadáa. Àwọn ọmọ ò mọ ibi tó wà rárá."

Mo ní, "Mo gbà yín gbọ́. Ẹ bá mi bi wọ́n."

"Nísinsìnyí?"

"Tí kò bá ni yín lára, mà."

Mo gbọ́ tó gbé fóònù sílẹ̀. Mo gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ tó ń lọ, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè, mo gbọ́ ohùn ọmọ kékeré tó ń dá a lóhùn, ohùn tó mọ́ gaara, tí kò bẹ̀rù ohunkóhun. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tó padà sórí fóònù, mímí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó ní, "Àbíkẹ́yìn mi ló dá mi lóhùn. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ní ó wà nínú bàtà òjò Dádì." Ó tún dákẹ́. "Mo ti lọ wò ó. Ibẹ̀ ló wà."

Ilé wa ni àwọn ọmọ náà ti ṣeré ní Sátidé yẹn. Bàbá wọn ló gbé wọn wá. Kó tó lọ, ó bi ọkọ mi lọ́rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá òun lè rí àpótí irin náà, àwọn méjèèjì sì pẹ́ nínú yàrá.